Kọ́bọ̀ Oníhò Kan fún Ọya

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́ pé Jẹ́bà ni mò ń lọ, wọ́n tú ìdí aṣọ, wọ́n yọ kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó kan jáde. "Bó o bá dórí afárá, sọ ọ́ sódò fún mi." Mo ní ṣé àádọ́ta náírà kò ní tó ni. Wọ́n wò mí títí. "Bébà ń rì bí?"

Ọkọ̀ ojú irin kò gba Ogbómọ̀ṣọ́ rárá. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó yà gba Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti àwa sílẹ̀. Síbẹ̀ a wọ̀ ọ́ gan-an ni! Ọ̀fà ni ìyá àgbà ti wọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n ń lọ bá ọkọ wọn ní Jọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí odò Ọya, gbogbo èrò ń sọ owó sódò, àwọn nìkan ni kò ní.

Mo wọkọ̀ ní Tákíè, mo pààrọ̀ ọkọ̀ ní Ìlọrin. Ti ọ̀nà Bódè Sáadù, ẹ má bi mí.

Ní Jẹ́bà, Ọya pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì erékùṣù kan. Létí omi àkọ́kọ́, Kúwárà lo ṣì wà. Bó o bá la omi kejì kọjá, o ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger. Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Àríwá nígbà náà, fi Jẹ́bà ṣe ibùjókòó ìjọba rẹ̀ ní 1900, kó tó kó lọ sí Zungeru ní 1902. Irin débẹ̀ ní 1909, omi sì dá a dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá títí afárá fi parí ní 1916.

Mo fẹsẹ̀ wọn àárín irin méjèèjì: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ mi mẹ́rin. Mílímítà 1,067 ni. Ewúrẹ́ kan sùn lé ọ̀kan nínú irin náà, kò tilẹ̀ bìkítà fún mi.

Ìyá ẹlẹ́ja tí mo ra ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀ ń bá mi sọ Yorùbá, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Tápà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé ìyá Ṣàngó." Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Tápà ni ìyá Ṣàngó lóòótọ́.

Lórí afárá ọkọ̀ ilẹ̀, mo ní kí ọlọ́kadà dúró díẹ̀. Mo ju kọ́bọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ ba irin, ó dún "kín-ín," kó tó já bọ́. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, n kò gbọ́ ìró omi.

Mo délé, mo gbé ẹja kalẹ̀. Ìyá àgbà kò wo ẹja.

"Ó rì?"

"Ó rì, màmá."