Mọ́mì tí wọ́n ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì wa

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi gbọ́ "ẹ kú ọ̀nà o, àǹtí mi" nígbà tí mo bá dé ibi iṣẹ́, inú mi ò sì balẹ̀ rárá.

Mówe ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wà. Ẹni tó bá mọ Express yẹn mọ̀ pé tó o bá pẹ́ jáde nílé díẹ̀ báyìí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gbà ẹ́ nìyẹn, torí náà aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo máa ń dé, kì í tíì sí ẹnì kankan nínú ilé àfi Mọ́mì tí wọ́n ń gbálẹ̀. Tí òjò bá pa mí, wọ́n á ní ẹ kú òjò, tí wọn ò bá tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ kú ooru. Wọ́n máa ń wojú èèyàn kí wọ́n tó kí i ni. "Good morning all" tí gbogbo wa ń tẹ̀ sórí WhatsApp ọ́fíìsì ò wojú ẹnì kankan.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan tí ò tó 200 náírà fò lọ sí bíi 500, owó ọkọ̀ dá mi lágara, mo ti kọ lẹ́tà pé mò ń fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì ní "Àǹtí mi, ẹ ò rẹ́rìn-ín láti Monday, ṣé kò sí o?" Wọ́n gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní àwọn náà ti ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ògbà báyìí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fóònù mi.

Àwọn yòókù ò béèrè Mọ́mì o, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí nìkan ni wọ́n ń sọ, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n èmi náà, mi ò ní nọ́ńbà wọn, mi ò mọ orúkọ wọn. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọdé kì í bi àgbà lórúkọ, irọ́ ni jàre, mi ò kàn béèrè ni.

Lọ́jọ́ kẹrin mo gbọ́ ìgbálẹ̀ látẹnu ọ̀nà. Ibà ló gbé ọmọ-ọmọ wọn dé ọsibítù. Mo ní "Mọ́mì, mo wá yín títí." Wọ́n ní "Mo mọ̀. Mo sọ fún ìyá ọmọ yẹn pé ẹnì kan á ti máa béèrè mi níbi iṣẹ́."

Mo yọ fóònù mi níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ yín?