Ìbọn bolt action mẹ́rin, èwo ni ọdẹ Ẹ̀pẹ́ máa mú?

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, wọ́n ṣì ń wọgbó títí dòní, Ọjà Olúwo ni ẹran wọn ń lọ, shakabùlà sì ni ìbọn tí mo mọ̀ lọ́wọ́ wọn láti kékeré. Ẹ da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, ẹ da ọta sí i, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó kì í lẹ́ẹ̀kejì, ẹtu tẹ́ ẹ yìnbọn sí tí kò bà ti dé Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdí nìyẹn tí orí mi fi wú nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé ní Houston sọ pé tí mo bá ti dé, a máa lọ dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, torí ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ ní Texas bí òkété ṣe pọ̀ lóko wa, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. Ká tó débẹ̀ ṣá, a kọ́kọ́ lọ gba láísẹ́ǹsì ọdẹ, torí àlejò tó fi físà wọ Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ kàn dédé di ìbọn mú. Ẹ má rò pé ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń béèrè ìwé.

Ìbọn mẹ́rin ni bọ̀ọ̀dá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kó jáde: Winchester Model 70, Remington 700, Savage 110 àti Tikka T3x. .308 ni gbogbo wọn ń jẹ, ọta kan tó ti wà láti 1952, torí náà kò sí pé ọta ọ̀kan lágbára ju ti èkejì lọ. Bóòtù kan wà lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn kọ̀ọ̀kan bí èyí tá a fi ń ti géètì, òun ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní bolt action: ẹ gbé e sókè, ẹ fà á sẹ́yìn, ìkarahun èyí tẹ́ ẹ yìn á fò jáde, ẹ tì í síwájú, á gbé ọta míì wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ti tì pa. Mauser ará Jámánì ló ṣe èyí tí gbogbo wọn ń wò kọ́ṣẹ́, 1898.

Mo kọ́kọ́ rò pé èwo ló ń bà jù ni ọ̀rọ̀ wà. Rárá o. Ní 100 yáàdì, ọta mẹ́ta mẹ́ta tí bọ̀ọ̀dá mi yìn nínú ìbọn kọ̀ọ̀kan, ìdérí ìgò mínírà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ihò wọn tán. Tèmi, àwo ọbẹ̀ ló máa bò ó, ẹ jẹ́ ká fi yẹn sílẹ̀.

Bí bóòtù ṣe ń di ọta mú gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Model 70 tó jáde ní 1936 ní èékánná gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù, ọ̀dọ̀ Mauser ló ti jogún ẹ̀, bí ọta bá ṣe ń yọ látinú ilé ọta báyìí ni èékánná yẹn á ti gbá a mú nídìí, kò ní fi í sílẹ̀ títí á fi jù ú síta. Ní 1964 wọ́n yọ èékánná kúrò kí owó tí wọ́n ń ná lórí ìbọn náà lè dín kù, inú bí àwọn ọdẹ gan-an, títí dòní ẹni tó bá ní èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964 á máa fi yangàn, owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Ó di 1992 kí wọ́n tó dá èékánná padà.

Àwọn mẹ́ta tó kù, títì ni wọ́n kàn ń ti ọta síwájú, ìgbà tí bóòtù bá fẹ́ tì pa ni wọ́n tó gbá a mú. Kò burú o, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe bíi tèmi. Ẹlẹ́dẹ̀ yọ, àyà mi ń lù kìkì, mo ti bóòtù síwájú, ó ku díẹ̀ kó tì pa, mo gbàgbé, mo fà á padà, mo tún tì í, ni ọta kejì bá lọ kọ lu ìdí ti àkọ́kọ́ tó ti wà nínú ihò, gbogbo ẹ̀ há pátápátá. Mi ò ní sọ ìbọn wo, torí ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe ìbọn. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn wojú mi kó tó lọ, mo búra.

Remington 700, 1962 ló jáde, ara ẹ̀ rí róbótó bíi páìpù, èyí mú kó rọrùn láti ṣe, òun náà sì ni àwọn sójà Amẹ́ríkà fi ṣe M24 àti M40, ìbọn tí wọ́n fi ń yin ọ̀tá láti òkèèrè. Savage, ká sòótọ́, kò lẹ́wà, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀ bíi ti páìpù omi, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì yẹn ló jẹ́ kí èèyàn lè pààrọ̀ ọ̀pá láì dààmú, tírígà ẹ̀ náà ṣe é yí kó fúyẹ́ tàbí kó le. Tikka ti Finland ńkọ́? Bóòtù ẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá! Díẹ̀ lẹ máa gbé e sókè, nǹkan bíi dìgíríì 70, níbi tí tàwọn yòókù ti ń tó 90. Ó fúyẹ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń gbá èèyàn léjìká. Òun ni mo yàn, àmọ́ tó bá jẹ́ inú igbó dídí ni, pẹ̀lú ẹran tó lè yíjú padà sí mi, èékánná ni mo máa mú, jàre.

Mo fi WhatsApp pe Bàbá Ọdẹ, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, èékánná o, tírígà o. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Àjàní, èwo ni kì í dípẹtà níbẹ̀?"

Mo ní ti Tikka wà tó jẹ́ irin tí kì í tètè dípẹtà, tí ìdí ẹ̀, ibi tí ọ̀pá jókòó lé, sì jẹ́ ike, torí igi máa ń fa omi, á wú, á máa ti ọ̀pá, ọta ò sì ní lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rinrin ọ̀sà wa ṣe rí.

"Ike?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìbọn ni wọ́n ń tà ni, àbí kẹ́ẹ̀gì?"