Iná Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà géèmù, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ bá yín dá owó sí i mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà kan wà tó ń tan iná.

Mo ti kọ tèmi sílẹ̀ kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò kéré, tí kò sì pọ̀ ju agbára wa lọ: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 7600, RAM (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 32 GB, power supply (ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára) 650 W. Owó tó bá kù, kí ó lọ sórí graphics card, torí òun ló ń ya àwòrán géèmù. Ẹni tó bá náwó tán sórí processor, tó wá fi ṣẹ́ńjì ra káàdì, ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà láti òkè délẹ̀.

“Iná ńkọ́?”

“Iná wo, ẹ̀gbọ́n?”

“Èyí tó máa ń pupa, tó máa ń di búlúù, tó ń yí kiri.”

Mo ní iná kì í mú géèmù yára. Wọ́n ní, “Ṣé mo bi ọ́ ní ti yíyára ni?” Àwọn ló sì ń san ìdajì owó, kí ni mo fẹ́ wí?

Bí a ṣe ra RAM oníná nìyẹn, tó ga lórí bí ẹni wé gèlè ìyàwó. Wọ́n tún rí fáànù tó ń mú processor tutù, tó bá a wá nínú páálí. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Èyí?” Mo ṣàlàyé títí pé 65 W péré ni wọ́n kọ fún processor náà, ìyẹn ni pé ooru rẹ̀ kò pọ̀, pé àwọn tó ṣe é kò ṣèèṣì fi fáànù yẹn sí i. Wọ́n kọ etí ikún sí mi. Wọ́n lọ ra òmìrán kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 155.

Ọjọ́ tí a fẹ́ tò ó pọ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òmìrán fẹ́ jókòó, RAM ò gbà. Àyè tó wà lábẹ́ fáànù rẹ̀ kò ju mìlímítà 40 lọ, RAM oníná sì lé ní 50. Ẹ̀gbọ́n ní ká sún fáànù náà sókè lára irin tó gbé e. A sún un. Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wá ku gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Gíláàsì kọ̀ jálẹ̀, fáànù tí a sún sókè ti yọ jáde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, wọ́n fi èjìká tì í, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tì í.

“Ẹ̀gbọ́n, gíláàsì ni o!”

A tú u palẹ̀. Mo nu ọ̀dà aláwọ̀ eérú tó wà lórí processor (òun ló ń gbé ooru rẹ̀ lọ sára irin fáànù) kúrò, mo gbé fáànù inú páálí síbẹ̀. Skúrù mẹ́rin, ó parí. Gíláàsì wọlé wọ́ọ́rọ́.

A tan án. Iná pupa, iná búlúù, gbogbo rẹ̀ ń yí kiri, àfi ojú mọ́nítọ̀ tó ṣókùnkùn birimùbirimù.

“Ṣé mo sọ fún ọ àbí n ò sọ? Fáànù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ yẹn ti pa á!”

Wọ́n ti nawọ́ sí wáyà kí n tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Bí àwọn kọ̀ǹpútà AM5 (irú ojúhò tí Ryzen wa ń jókòó sí) ṣe rí nìyẹn: nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tàn wọ́n, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ RAM wò kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe bá a ṣiṣẹ́, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan tí ojú mọ́nítọ̀ ò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣírò owó wọn sókè ketekete.

Àfi wàì, ojú mọ́nítọ̀ là.

Wọ́n fò dìde. “Ṣé o rí i? Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé fáànù inú páálí yẹn ti tó!”

Mo wo ẹnu wọn, mo wo òmìrán tó wà nílẹ̀. Mo dákẹ́.

Wọ́n ní kí n má gbé òmìrán fún ẹnikẹ́ni o. Àwọn ti rí àpótí kan tó fẹ̀ ju èyí lọ, iná sì wà níwájú rẹ̀.