Ẹ wo chipset kí ẹ tó sanwó bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì tí ẹ fẹ́ ṣe fíríìdọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Panṣẹ́kẹ́ àti Sápọ́n, ọ̀rọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí ẹnì kan tó gbé bọ́ọ̀dù tuntun dé láti Ìkẹjà, tí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) oníbàárà rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Èkíní, àyè inú kéèsì. Bọ́ọ̀dù tó ní ìwọ̀n ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244, Micro-ATX jẹ́ 244 sí 244. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tòkunbọ̀ ni oníbàárà gbé wá, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò, nítorí power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ẹnu onípíìnì 24 tí bọ́ọ̀dù ọjà ń lò. Ẹni tó ra bọ́ọ̀dù nìkan fún irú wọn lè tún padà wá owó power supply àti kéèsì.

Èkejì, RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìran rẹ̀ ni DDR3, DDR4 àti DDR5. DDR3 kò wọ ihò DDR4, DDR4 kò wọ ihò DDR5. AM5, ihò processor ti ilé iṣẹ́ AMD, tó jáde ní 2022, DDR5 nìkan ló ń gbà. Ní ti LGA1700, ihò processor ti ilé iṣẹ́ Intel, bọ́ọ̀dù mìíràn ń gba DDR4, òmíràn DDR5. Ẹ ka ara páálí.

Ẹ̀kẹta ni socket (ihò tí processor ń wọ̀) àti chipset (ẹ̀yà ara bọ́ọ̀dù tó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù). Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìyà jẹ mí.

Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà. Bàbá kan tó ń ya àwòrán ilé ní Ìbarà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá fún ọ̀gá mi. Ó ti ra Core i5-8400, processor Intel ìran kẹjọ, fúnra rẹ̀, ó ku bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ní kí n lọ ra bọ́ọ̀dù tó ní chipset H110 wá, pé LGA1151 ni àwọn méjèèjì, H110 sì dínwó. Mo ti kà á pé ihò tó jọra kò tó. Orúkọ LGA1151 ni Intel lò fún ìran kẹfà àti ìkeje, òun náà ló tún lò fún ìran kẹjọ tó jáde ní 2017, ṣùgbọ́n ìran kẹjọ kì í ṣiṣẹ́ lórí chipset ọ̀wọ́ 100 (níbi tí H110 wà) tàbí 200. H310, B360 tàbí Z370 ló bá a mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe kí wọ́n tó bí ẹ?" Mo dákẹ́, mo lọ wọkọ̀ Ìkẹjà ní Kútọ̀. Ẹni tó tà á fún mi náà búra pé yóò ṣiṣẹ́.

Processor wọlé wẹ́rẹ́. Fáànù ń yí, ojú screen dúdú. Ọ̀gá yọ RAM, ó nù ún, ó dá a padà. Ó yọ processor, ó dá a padà, ó tún yọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé lára bọ́ọ̀dù LGA ni àwọn píìnì tíntìntín náà wà. Níbi tó ti ń fi ìbínú tì í mọ́lẹ̀ ni díẹ̀ nínú wọn ti tẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà lọ sí Ìkẹjà, ọkùnrin yẹn tan iná fóònù sí i, ó rí píìnì tó tẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ti kúrò níbẹ̀. Kò sí fọ́tò tí mo lè fi hàn án, ọ̀gá sì ti ju ike tó bo socket nù.

Bàbá oníyàwòrán dé, ó ń pariwo. Ọ̀gá mi nawọ́ sí mi níṣojú rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí ló lọ ra ìràkurà." Ó sì ń yọ owó bọ́ọ̀dù náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ mi. Títí dòní bí mo bá pàdé rẹ̀, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un, torí òun ló kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ tó kàwé tó wá ta yín lólobó, owó yín ló ń ṣọ́. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ níwájú ọ̀gá. Orúkọ bọ́ọ̀dù lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n to gbogbo processor tó bá a mu síbẹ̀, àti BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. BIOS yìí ṣe pàtàkì: bọ́ọ̀dù B450 tó ti pẹ́ nínú páálí lè má mọ processor Ryzen 5000 ti AMD títí ẹ ó fi fún un ní BIOS tuntun. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ya fọ́tò píìnì níṣojú ẹni tó ń tà á, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ bọ́ọ̀dù àti ti processor sórí rìsíìtì, ẹ sì tọ́jú ike náà.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi, bí ọmọ iṣẹ́ bá ní bọ́ọ̀dù kan kò bá processor mu, owó ò ní jáde lápò mi títí a ó fi jọ ka ìkànnì náà tán.