Ohun tí ojú ọ́ńpáyà rí àti ohun tí ìwé òfin sọ

Ohun tó máa ń ká mi lára tí mo bá ń wo báwọn èèyàn ṣe ń bú àwọn ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ orí pápá, nínú bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù àti sọ́fítíbọ́ọ̀lù ni pé wọn kì í yà á sọ́tọ̀, ṣé ohun tí ọkùnrin yẹn fojú rí ni wọ́n ń bínú sí ni àbí òfin tó lò lé e lórí. Ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì o. Bóyá bọ́ọ̀lù já sínú ìlà àbí ìta, bóyá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí batter, ẹni tó ń fi igi gbá a, jẹ́ strike (ó gba ibi tó yẹ) àbí ball (kò gba ibẹ̀), bóyá runner, ẹni tó ń sá láti béèsì kan sí òmíràn, ti fẹsẹ̀ kan béèsì kí bọ́ọ̀lù tó dé, gbogbo ìyẹn, ojú ọ́ńpáyà ni, òfin 8.02(a) nínú ìwé bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù sì ti ní ohun tó bá ti sọ níbẹ̀, abẹ gé e. Àmọ́ tó bá jẹ́ òfin ló lò sódì, mánéjà lẹ́tọ̀ọ́ láti wá bá a pé ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.

Ibi tọ́rọ̀ ti máa ń dàrú jù ni infield fly. Tí runner bá wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, tàbí tí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, tí out, ìyẹn iye àwọn tí wọ́n ti mú kúrò nínú eré ìgbà yẹn, ò sì tíì pé méjì, tí batter wá gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío tí infielder, ẹni tó ń ṣọ́ ìtòsí àwọn béèsì, lè mú un láìṣe wàhálà púpọ̀, ọ́ńpáyà gbọ́dọ̀ kéde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé batter ti out, ì báà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yẹn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù má baà mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ kó wá fi gba out méjì lára àwọn runner tí wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n sá ni àbí kí wọ́n dúró. "Ordinary effort" lìwé pe ohun tí ọ́ńpáyà máa fojú wọ̀n níbẹ̀, ìyẹn ni bí agbábọ́ọ̀lù tó mọ̀ ọ́n ṣe níwọ̀nba nínú líìgì yẹn ṣe máa ṣe é, kéèyàn sì tún wo bí pápá àti ojú ọjọ́ ṣe rí. Torí náà bọ́ọ̀lù kan náà lè jẹ́ infield fly láàárín àwọn tó ń gbowó lórí eré, kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ìwé tún ní kí wọ́n má fi ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Ti sọ́fítíbọ́ọ̀lù náà, èrò kan náà ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ rántí ti Atlanta, October 5, 2012, nígbà tí ẹgbẹ́ Braves àti Cardinals pàdé. Simmons ti Braves gbá bọ́ọ̀lù sókè, Kozma ti Cardinals tó jẹ́ shortstop, infielder tó ń dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta, sá sẹ́yìn wọ outfield, ìyẹn ẹ̀yìn pápá, ó ṣe bíi pé òun máa mú un, ló bá yà kúrò, bọ́ọ̀lù já sílẹ̀, ọ́ńpáyà Sam Holbrook sì ti nawọ́ sókè pé infield fly. Àwọn òǹwòran da ìgò àti ike sínú pápá, eré dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 19. Braves fi ẹjọ́ sùn, wọ́n dá a nù, torí "ordinary effort" yẹn, ojú ọ́ńpáyà ni wọ́n fi í sí. Lójú tèmi o, ti pé bọ́ọ̀lù jìnnà wọ outfield kọ́ ló burú, pípẹ́ tí Holbrook pẹ́ kó tó nawọ́ ni, ìwé ní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ nígbà yẹn, ta lo wá ń dáàbò bò?

Ọ́ńpáyà Jim Joyce ló fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú àti òfin yìí hàn mí jù. Ní 2010 ó ní runner Jason Donald safe, ìyẹn ni pé kò out, ní béèsì kìíní, nígbà tó ku out kan péré kí Galarraga, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Detroit, parí perfect game, eré tí alátakò kankan kò dé béèsì rárá, bẹ́ẹ̀ ni Donald ti out, ó hàn gbangba nínú fídíò. Ojú ló ṣì í, òun fúnra ẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní World Series 2013, àṣekágbá líìgì, Game 3, Middlebrooks ti Red Sox bẹ́ lé bọ́ọ̀lù ní béèsì kẹta, kò bá a, ó wà nílẹ̀, Allen Craig, runner Cardinals, kọsẹ̀ lára ẹ̀, Joyce pe obstruction, ìyẹn dídí runner lọ́wọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Cardinals borí Red Sox 5–4. Àwọn kan ṣì ń pariwo pé Middlebrooks ò mọ̀ọ́mọ̀. Òfin yẹn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀! Ìwé tiẹ̀ fi irú ẹ̀ gan-an ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó bẹ́ lé bọ́ọ̀lù tí kò bá a tó wá sùn sílẹ̀ tó ń dí runner lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí Joyce ní láti fojú wò ni bóyá ó dí Craig lọ́wọ́, ó sì dí i.