Orúnkún Nílẹ̀ ní Ìkòròdú, Orúkọ Ọ̀gá Lẹ́nu ní Toronto

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Toronto ni ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí n yéé pe òun ní "sà", orúkọ òun gan-an ni kí n máa pè. Mo ní kò burú. Odindi oṣù mẹ́ta ni mi ò fi pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá ń wá a, màá rìn dé ibi tó wà, màá dúró síbẹ̀ títí á fi gbójú sókè.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Odòńgúnyán, ní Ìkòròdú, ni mo ti fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná, àwọn tó sì wà lábẹ́ mi, àwọn kan nínú wọn ju bàbá mi lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń fa wáyà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ẹnjiníà dà?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Háà. Obìnrin ni wọ́n rán sí wa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo rí i pé wáyà tí wọ́n ń fà sínú páìpù ti tín-ín-rín jù fún ẹ̀rọ tó fẹ́ gbé. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ọ̀hún fún wákàtí díẹ̀, wáyà á gbóná, ike ara rẹ̀ á yọ́, iná á sì sọ. Bí mo bá pàṣẹ, ìjà dé nìyẹn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Àmọ́ wáyà yìí ò lè gbé ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fa èyí tó nípọn." Ó kùn, ó kùn, ó fà á jáde. Bí mo ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn: orúnkún mi á wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò ní yẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá yìí kan náà ló ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá pè mí ní "madam": "Ẹnjiníà ni kí ẹ máa pè é!"

Ní Toronto, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ẹnjiníà dà. Wọn kì í sì í bá èèyàn jiyàn lójú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní èrò rẹ dára gan-an. Kó o tó padà dé ìdí tábìlì rẹ, lẹ́tà ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá pé kí ẹlòmíì bá wọn tún ìṣirò rẹ wò. Ní tèmi o, ti bàbá oníwáyà sàn. Mo mọ ibi tó dúró sí.

Ohun tí mi ò lè purọ́ mọ́ Toronto ni ti bàtà àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Búùtù onírin tí wọ́n fún mi nílé jẹ́ nọ́ńbà 44, ẹsẹ̀ mi sì jẹ́ 39. Àkísà ni mo kì sí i lẹ́nu. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, ilé ìyá alágbo tó wà lódìkejì títì ni mò ń sáré lọ, torí ẹ̀ ni mi kì í fi í mu omi títí di ọ̀sán. Níbí, tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin wà lọ́tọ̀, ó mọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà látayébáyé ni, àfi ìgbà tí obìnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé ọdún 2023 ni Ontario ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di òfin fún àwọn ibi ìkọ́lé ńlá. 2023! Òun náà ti ki àkísà sí bàtà rí.

Àwọn ẹnjiníà tó kàwé níbí a máa wọ òrùka irin sí ọmọ́ńdìnrín. Láti 1925 ni wọ́n ti ń búra kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Kí n wá wọ irú ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú lọ sí Mile 12? Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo débẹ̀ ni. Irin, pẹ̀lú ìbúra! Ògún ò sáà ní ìwé ìrìnnà, ibi gbogbo ló ń dé.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, kò sẹ́ni tó ń ṣe àwàdà. Lọ́jọ́ yẹn ní 1989, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Montreal, ó ní kí àwọn ọkùnrin jáde kúrò ní kíláàsì, ó sì yìnbọn fún àwọn obìnrin. Obìnrin 14 ló kú lọ́jọ́ náà. Mo ti gbọ́ ọ nílé láìmọye ìgbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tobìnrin; ìkùn àti ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀ lé e. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bá wọn dúró jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ní Ìkòròdú, tí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á kéde, obìnrin á jókòó sílé. Màá fi ìṣirò ránṣẹ́ sí bàbá oníwáyà lórí fóònù, iṣẹ́ á máa lọ lẹ́yìn mi. Inú mi kì í dùn sí i. Àmọ́ agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Orò tèmi ní Toronto, ojoojúmọ́ ló sì ń jáde. Kíréṣì ọmọ mi á tilẹ̀kùn, wọ́n sì ń gbowó lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi pẹ́. Ìpàdé tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn ga kì í sì í parí kí agogo márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Nílé, ìyá alágbo yẹn náà ló ń pọn ọmọ mi. Bí mo bá dé, ọmọ ti jẹun, ó ti wẹ̀, ó tún ti mu àgbo tí mi ò ní kí wọ́n fún un.

Ní 2024, tí Margaret Oguntala di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1958, màámi pè mí láti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Sábó. Wọ́n ní, "Obìnrin ti jẹ ọ̀gá yín. Ṣé wàá máa bọ̀ nílé báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ní iná lọ́wọ́lọ́wọ́?"

Wọ́n pòṣé. Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná, ò jìnnà sí wa, ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 1,320. Àwọn òpó gíga rẹ̀ ni mò ń kà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àtùpà ni mo sì fi ń kàwé lábẹ́ wọn. Bí mo ṣe yan iṣẹ́ yìí nìyẹn, màámi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. "Ọ̀gá rẹ arúgbó yẹn ńkọ́? Ṣé o ti ń pe orúkọ ẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Má gbé e wálé o."