Owó Ni Kí Ẹ Fi Gba Wákàtí Yín, Ẹ̀yin Ìyá Tó Wà Nílé

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún wa ní ACA, ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó, ní gbọ̀ngàn ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni àwọn àbúrò tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìkàwé ti ń bi mí pé, "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe rí i ṣe pẹ̀lú ọmọ nílé?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí. Kò parí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú yín kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìyá ọkọ òun ti ṣèlérí láti wá di ọmọ mú lọ́jọ́ ìdánwò, nítorí náà ọkàn òun ti balẹ̀. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀ nígbà tí mo kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ àwọn ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èkínní, kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ni kí ẹ ní. Tí ẹ bá ń bá àwọn olójà ṣe ìwé owó láti ilé bí mo ṣe ń ṣe, ẹ mọ̀ pé sísan PAYE, owó orí tí à ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, kì í kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e, VAT, owó orí tó wà lórí ọjà títà, kì í sì í kọjá ọjọ́ 21. Ojú ìwé kan náà ni kí ẹ kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sí: ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ máa wà lórí ìlà títí oòrùn á fi mú, ara ọmọ sì lè gbóná mọ́jú. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ VAT sí ọjọ́ yẹn ń wá wàhálà oníbàárà.

Èkejì, ẹ sùn nígbà tí ọmọ bá sùn lálẹ́, kí ẹ jí ní aago mẹ́rin. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú tó tún ń kàwé dé aago méjì òru, ìwé náà kì í wọlé, ara á sì máa gbẹ. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè omi ìwẹ̀, ni mo fi ka Corporate Reporting, ọ̀kan nínú ìwé ìdánwò ICAN, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ra láńtà sólà, kí ẹ máa gbé e sóòrùn lọ́sàn-án. Ẹ má gbọ́kàn lé iná ìjọba.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí yóò di ọmọ mú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019, Advanced Taxation, ìdánwò ICAN lórí owó orí, ni mo fẹ́ ṣe. Mo mọ ìwé náà dáadáa. Ẹ lè jí mi lóru kí ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó orí lórí èrè epo rọ̀bì, màá dáhùn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé, èmi àti àwọn ọmọ la wà ní Àkóbọ̀ n'Íbàdàn. Èyí ẹ̀gbọ́n ti lọ sílé ìwé, á sì wà ní lẹ́sìnnì títí di aago mẹ́rin. Èyí àbúrò kò tíì pé ọdún kan, ó ṣì ń mu ọmú. Òun nìkan ni mo nílò ẹni tó máa dì mú.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní òun á wá. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Mo ti sọ ọjọ́ náà fún un tipẹ́. Mo rán an létí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mo tún pè é ní alẹ́ tó ṣáájú. Mo se ọbẹ̀ tí yóò jẹ, mo fún ọmú sínú ife, mo gbé e sínú omi tútù, mo po ògì sínú fúláàsì, mo to aṣọ ọmọ sórí ibùsùn. Ohun tí ìyá kan lè ṣe, mo ṣe é.

Ó dé láàárọ̀ bó ṣe wí. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ sáré lọ gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ télọ̀ ní Bódìjà, pé òun á ti dé kí n tó wọṣọ tán. Mi ò rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e.

Nígbà tí aago méjìlá kọjá, mo pọn ọmọ. Mo kó ìwé ìdánwò mi àti ẹ̀rọ ìṣirò sínú báàgì ìlédìí rẹ̀, mo wọ Micra láti Àkóbọ̀ dé Ìdí-Apẹ, mo wọ òmíràn lọ sí ọ̀nà Mọ́kọ́lá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró ní Agodi Gate. Ní géètì ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, ọlọ́dẹ wo ẹ̀yìn mi, ó ní ọmọ kò lè wọlé. Òótọ́ ló sọ. Obìnrin kan tó ń ta omi àti bírò lẹ́bàá ibẹ̀ na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Gbé e wá, ìyá lèmi náà, lọ ṣe ìdánwò rẹ." Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo tú ọmọ lẹ́yìn, mo gbé e fún un, mo sáré wọlé.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tí ICAN fi ń jẹ́ kí a ka ìbéèrè ṣáájú wákàtí 3 tí a fi ń kọ̀wé ti lọ kí n tó jókòó. Mo ṣí ìwé ìbéèrè, mo rí i pé mo mọ ìbéèrè kìíní. Mo kọ nọ́ńbà mi, mo ya ìlà ìṣirò, mo bẹ̀rẹ̀. Lúfà ni fèrèsé gbọ̀ngàn náà, gbogbo ariwo ìta ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ ń ké bí ẹni tí ebi ń pa, mo ní yóò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ohùn rẹ̀ ń há. Ọmú mi ti ń ro, bùláòsì mi ti tutù. Mo kọ ìlà díẹ̀ sí i. Mo dìde, mo fi ìwé ìdáhùn tí kò tíì kún ojú ewé kan lélẹ̀ fún wọn, mo jáde.

Mi ò kábàámọ̀ pé mo jáde. Tí ọjọ́ yẹn bá padà wá, màá tún jáde. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ẹnìkan lè fi mí sí ipò yẹn nítorí aṣọ ẹbí, kó sì wá jẹun nílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ohun tó sọ nígbà tó dé ni pé, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ máa rí ọgbọ́n ta sí i ni, ṣebí ilé lẹ máa ń wà." Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ni ìwé obìnrin. Kò sí ẹni tó bá ọmọ wọn wí, èmi náà kò sì lè bá a wí, torí ìyàwó ni mí. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, oṣù mẹ́fà péré ló kù sí ìdánwò tó kàn.

Oṣù mẹ́fà péré. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2020 ni ààrẹ fọwọ́ sí Finance Act 2019, òfin tó yí owó orí padà. Nígbà tí oṣù kejì wọlé, VAT kúrò ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 7.5. Ilé iṣẹ́ tí gbogbo ọjà tó tà lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 náírà bọ́ lọ́wọ́ owó orí ilé iṣẹ́, àwọn tó wà láàárín ìyẹn sí mílíọ̀nù 100 bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdá 20 dípò 30 nígbà náà. Ìwé tí mo ti há sórí di ìwé àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka owó orí lónìí mọ ohun tí mò ń sọ, torí òfin owó orí tuntun ti 2025 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ náà. Nínú owó orí ẹnìkọ̀ọ̀kan nìkan, náírà 800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún kò ní owó orí mọ́. Ìwé owó orí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kòrónà dé. Ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọkọ mi há sọ́hùn-ún, ọjọ́ kìíní oṣù keje ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ìdánwò oṣù karùn-ún kò lè wáyé nígbà tó yẹ. Ilé ìwé tì, ọmọ méjèèjì wà lọ́rùn mi tọ̀sán-tòru, àwọn olójà tí mò ń bá kọ ìwé owó sì ti ṣọ́ọ̀bù, àfi oníbúrẹ́dì àti kẹ́mísìtì kan. Ọ̀sán kan ṣoṣo tí ẹnìkan fi lọ gba aṣọ, ó gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ilé ìwé ṣí padà, mo ṣe ohun tí wọ́n fi ń bú mi nínú ẹbí títí dòní. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Mo lọ bá a, a jọ sọ iye owó oṣù, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àti gbogbo ọjọ́ ìdánwò láti àárọ̀ di alẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀. A kọ ọ́ pé tí ara rẹ̀ kò bá yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò wá dípò rẹ̀. Owó tí kẹ́mísìtì ń san fún mi, inú àpò ìyá yìí ló ń lọ, gbogbo rẹ̀, mi ò fi náírà kan ra ata níbẹ̀. Kò pẹ́ dé rí. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, ọmọ rẹ̀ wá.

Wọ́n ní mo ń kówó fún àjèjì kó wá gbé ọmọ tí ẹbí lè gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin àbúrò mi. Wákàtí tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó fún yín ló ṣì ni ín. Ó lè gbà á padà lọ́jọ́ tó wù ú, ẹ ò ní lẹ́nu láti bi í, ẹ̀yin lẹ tún máa dúpẹ́. Ẹni tí ẹ sanwó fún, ẹ lè bi í léèrè. Ìyá ọkọ tó ṣèlérí fún àbúrò wa yẹn lè jẹ́ ènìyàn dáadáa, ó lè wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ń dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ta ni yóò sọ fún un pé kó dìde?

Ẹ sì má gba owó yìí lọ́wọ́ ọkọ. Mi ò sọ pé kí ẹ bá ọkọ yín jà. Ọkọ mi tọ́jú wa, òun ló san owó fọ́ọ̀mù ìdánwò mi. Ṣùgbọ́n owó tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹbí rẹ̀ á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ná an sí, ọjọ́ tí nǹkan bá sì le, owó náà ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Owó iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kó jẹ́, bó ti wù kó kéré tó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, owó dà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ dá àjọ sí i. Tí kò bá sí owó rárá, ẹ wá ìyá mìíràn tó ń kàwé, kí ẹ máa gba ọmọ ara yín, wákàtí sí wákàtí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni kọ gbèsè. Ẹni tó san owó fọ́ọ̀mù, owó lẹ́sìnnì àti owó ìwé tán, tí kò wá ti ẹni tó máa di ọmọ mú, ó ra ọkọ̀ láìra táyà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ bíbí dẹ́rù bà yín. Láti 1965 tí wọ́n ti dá ICAN sílẹ̀, obìnrin ti jókòó sórí àga ààrẹ rẹ̀, Olóyè Olútóyìn Olákunrin ló ṣíwájú. Àwọn tó ń sọ pé ọmọ ni ìwé obìnrin kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ti bímọ báyìí, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun ló wá sílé mi, ó jókòó, ó ní ṣé mo lè bá òun di ọmọ mú lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ lọ kọ ọ́, ṣebí mo wà nílé. Mo ní mo ní iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, mo ní iṣẹ́. Mo fún un ní nọ́ńbà ìyá olùkọ́, mo sọ iye tó ń gbà fún un. Ó ní ó ti pọ̀ jù. Mo dákẹ́. Ó pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n sì ti fàdéhùn sí i.